Ìgbẹ́ Àgbọ̀nrín ní Ọjọ́ Ìsinmi

Èmi ni mo máa ń se kọfí ní ilé àdúrà wa ní Kuusivaara, abúlé kan ní ilẹ̀ òtútù ìhà àríwá, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ tí kì í kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú, ilé ìdáná ló ń kọ́kọ́ yà. Nígbà tí Hjördis Kenttä wọlé ní àárọ̀ Sọ́ńdè ọjọ́ yẹn, tí kò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, tó kàn lọ dúró sídìí fèrèsé tó ń wo àwọn ọ̀pá yìnyín tó rọ̀ létí òrùlé, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

"Àlàáfíà Ọlọ́run, Hjördis," ni mo wí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa.

"Ó ń kán," ló fi dá mi lóhùn.

"Kí ló ń kán?"

"Yìnyín ni. Wò ó, Alfhild. Oòrùn ò tíì ga, ó ti ń kán."

"Ìparí oṣù kẹrin la wà. Kí ló yẹ kó máa ṣe? Jókòó, jàre, kí n fún ọ ní wàràkàṣì."

Kò jókòó. Ó gba ife kọfí lọ́wọ́ mi, ó fi wàràkàṣì sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ó sì gbé e kalẹ̀ láìfẹnu kàn án. Ó tún padà sídìí fèrèsé.

"Ó ti wọ inú ọgbà Birger," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ta ni?"

"Àgbọ̀nrín ńlá. Abo. Ó lóyún, ó sì ń jẹun níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tẹ́ tábìlì fún."

Èmi náà gbé ìkòkò kọfí sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Hjördis mọ ohun tí ọgbà yẹn jẹ́ fún un. Nígbà tí òun àti Birger ọkọ rẹ̀ ṣì lágbára, àwọn olùwádìí láti yunifásítì wá bẹ Birger pé kí ó fún àwọn ní igun kékeré kan nínú igbó rẹ̀. Wọ́n fi wáyà gíga yí igun náà ká kí àgbọ̀nrín má baà lè wọ̀ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ri òpó pupa mẹ́rin mọ́ igun mìíràn tó tóbi bákan náà, wọn ò fi nǹkan kan dí i, kí ẹran máa wọlé kó máa jáde bó ṣe fẹ́. Wọ́n ní kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà àwọn yóò gbẹ́ ilẹ̀ méjèèjì, àwọn yóò sì fi wọ́n wéra.

Ohun tí wọ́n ń wá ò ṣòro láti lóye. Àgbọ̀nrín ilẹ̀ wa ga ju ẹṣin lọ, ikùn rẹ̀ kì í sì í kún bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ jẹ igi firi. Igi eléèpo funfun àti igi eléso pupa ló ń jẹ, àwọn tí ewé wọn rọ̀. Bó ti ń jẹ àwọn wọ̀nyí tán ni igi firi ń gbilẹ̀. Ewé igi firi sì rí bí abẹ́rẹ́. Bó bá já sílẹ̀ kì í tètè jẹrà, ó ń sọ ilẹ̀ di kíkan. Síbẹ̀, àgbọ̀nrín kan náà ń yàgbẹ́, ó ń tọ̀, oúnjẹ ilẹ̀ sì ni méjèèjì. Birger a máa rẹ́rìn-ín, a ní, "Ó ń fi ẹnu gbà, ó ń fi ìdí san." Èwo ló pọ̀ jù, gbígbà ni àbí sísan? Ìyẹn ni ilẹ̀ méjèèjì yóò sọ.

Birger fẹ́ràn ọgbà náà bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Bí àlejò bá dé, a mú un lọ síbẹ̀, a ní kí ó ti ọwọ́ kan bọ erùpẹ̀ ìta, kí ó ti ìkejì bọ ti inú ọgbà, kí ó wá gbóòórùn ọwọ́ méjèèjì. Mo ṣe é rí. Ọwọ́ ìta rùn bí ọtí tó ti kan. Ọwọ́ inú rùn bí abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ànàmọ́ níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò lára wáyà, nítorí bí atẹ́gùn bá kó o jọ síbẹ̀, yóò di òkè, ẹran yóò sì gun òkè náà kọjá. Nígbà tí ewé ń já lọ́dún tó kọjá ni Olúwa pè é. Lórí àkéte rẹ̀ ló ti di ọwọ́ Hjördis mú. "Má jẹ́ kí pátákò kankan wọ ibẹ̀ títí àwọn ọmọ yẹn yóò fi gbẹ́ ilẹ̀." Oṣù kẹfà ọdún yìí sì ni wọ́n máa gbẹ́ ẹ.

"Báwo ló ṣe wọlé?" ni mo bi í. "Ṣebí ìwọ náà ń kó òjò dídì kúrò?"

"Mo ń kó o." Ó yí padà sí mi. "Ìjì ọjọ́ Ẹtì yẹn ló ti gbogbo rẹ̀ jọ sí apá àríwá. Mo wà níbẹ̀ lánàá látàárọ̀. Ó ku díẹ̀, Alfhild, ó ku bí ìlàjì yàrá yìí. Agogo wá dún láti òdìkejì odò."

Kò sí ìdí fún un láti ṣàlàyé sí i. Nígbà tí agogo ìrọ̀lẹ́ Sátidé bá dún, ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé nìyẹn. Obìnrin tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ á fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlà. Ẹni tó ń la igi á ki àáké bọ ìtì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ wa.

"Mo gún ṣọ́bìrì mọ́ òjò dídì, mo lọ sílé," ni Hjördis wí. "Ní àárọ̀ yìí mo rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́bìrì gan-an ló gbà kọjá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ìdí ta á."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò gba ẹ̀rín.

"Fi sílẹ̀ di ọ̀la," ni mo wí.

"Rédíò ní òjò ń bọ̀ láti gúúsù. Òjò gidi, tó gbóná. Ó ní kí ilẹ̀ tó ṣú." Ó ń fi ìka ta etí ife tí kò mu. "Ṣé o ò rí i ni? Òjò dídì ṣì nípọn lórí ilẹ̀ bí aṣọ tábìlì. Gbogbo ìgbẹ́ rẹ̀, gbogbo ìtọ̀ rẹ̀, orí aṣọ ló wà. Mo lè kó o kúrò. Ṣùgbọ́n bí òjò yẹn bá rọ̀, aṣọ á yọ́, ohun tó wà lórí rẹ̀ á rọ́ wọ inú ilẹ̀. Gbogbo ọdún Birger."

Ibẹ̀ ni Evert bá wa. Òun ni olórí àwọn ọdẹ abúlé wa, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, kì í sì í kan ilẹ̀kùn.

"Mo rí ipa ẹsẹ̀ ẹran lọ́nà," ló wí. "Àlejò ti wọ ọgbà yín, Ìyá Kenttä! Ṣé kí n lọ mú ìbọn?"

"Ìbọn kẹ̀? Abo tó lóyún, nínú oṣù tí wọ́n fi òfin dè é? Kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún wá ṣàn sínú ilẹ̀ yẹn? Ṣé o mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣe sí ilẹ̀? Ìgbẹ́ sàn jù."

"Àwàdà ni mò ń ṣe."

"Lọ ṣe é níta."

Evert bu wàràkàṣì sẹ́nu. "Alfhild, ta ló bí ọ̀rẹ́ rẹ nínú lórí ebi lónìí?"

Kí n tó fèsì, Arákùnrin Sanfrid wọlé láti wá omi mu. Ẹ̀gbọ́n Birger ni, òun ló sì máa wàásù lọ́jọ́ náà: ọkùnrin gíga, ẹ̀wù dúdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yára. Hjördis sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sáré.

"Ọ̀la ń bọ̀, ìyàwó wa," ni Sanfrid wí.

"Òjò náà ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ọjọ́ Olúwa nìyí. Àbúrò mi ò ní fẹ́ kí o ba ọjọ́ Olúwa jẹ́ nítorí ìgbẹ́."

"Bí akọ màlúù bá bọ́ sí kòtò lónìí ńkọ́, Arákùnrin Sanfrid?" ni Evert wí, wàràkàṣì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Olúwa fúnra rẹ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀."

Sanfrid wò ó. "Àgbọ̀nrín kì í ṣe màlúù. Kò sì bọ́ sí kòtò. Oúnjẹ ló ń jẹ."

Òótọ́ ni, ẹran náà ò níṣòro kankan.

"Birger ṣèlérí," ni Hjördis wí.

"Ó ṣèlérí fún àwọn tó fẹ́ wọn ilẹ̀ Ọlọ́run wò bí ìyẹ̀fun. Mo sọ fún un nígbà náà." Sanfrid mu omi rẹ̀ tán. "Wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọkàn rẹ á balẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, nítorí náà mo mọ̀. Ó jókòó bí ẹni tó jókòó lé ẹ̀gún. Bí a bá dìde kọrin, òun ló ń kọ́kọ́ dìde. Bí a bá jókòó, òun ló ń jókòó gbẹ̀yìn. Nígbà tí gbogbo ìjọ di ojú láti gbàdúrà, mo la tèmi díẹ̀, mo rí i tó ń wo fèrèsé. Ojú ọ̀run gúúsù ti di àwọ̀ eérú. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń gbọ́ ni yìnyín tó ń kán létí òrùlé, tó, tó, tó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ lọ.

Ibi tí wọ́n kà fún wa lọ́jọ́ náà, bí Ọlọ́run yóò ti ṣe é, ni ìtàn igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so, tí olùtọ́jú ọgbà bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó fún un ní ọdún kan sí i, kí òun lè tu ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí òun sì bu ìlẹ̀dú sí i. Nígbà tí Sanfrid ka ìlẹ̀dú, èyí tí í ṣe ìgbẹ́ ẹran, Evert wúkọ́ lẹ́yìn wa. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Sanfrid gbé ojú sókè, ó dúró títí gbogbo ilé fi pa lọ́lọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù lórí sùúrù Olúwa.

Ó wàásù dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó ti dé ibi tó wí pé olùtọ́jú ọgbà náà kò fi igi sílẹ̀, pé ó dúró ti ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, Hjördis dìde.

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò tíì rí ẹni tó dìde jáde nígbà ìwàásù àfi ẹni tí inú ń run tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké. Hjördis gba àárín ilé jáde. Bàtà rẹ̀ ń dún lórí pákó. Kò wo ẹnì kankan, Sanfrid náà ò dánu dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ fà díẹ̀, bí ìgbà tí òwú há sínú ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo jókòó, mo ń wo àyè tó fi sílẹ̀. Mo gbàdúrà, mo bi Olúwa pé kí ni kí n ṣe. Mo wá rántí pé kọfí mi wà lórí iná. Mo lọ gbé e kúrò. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Mo bá a lójú ọ̀nà igbó. Ó ti so pátákó gígùn tí a fi ń rìn lórí òjò dídì mọ́ ẹsẹ̀, ó ń yọ̀ lọ pẹ̀lú garawa méjì léjìká, aṣọ ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Padà, Alfhild. Wọ́n á sọ̀rọ̀ rẹ."

"Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Kọfí ni wọn ò ní rí mu."

Òjò dídì ṣì le lábẹ́ wa, ṣùgbọ́n ó ti ń rọ̀ lójú, omi ti ń yọ lórí rẹ̀. A tẹ̀ síwájú títí a fi dé ibẹ̀.

Òkè òjò dídì wà ní apá àríwá ọgbà, ó ga dé orí wáyà, ṣọ́bìrì Hjördis sì dúró lórí rẹ̀ bí àsíá. Nínú ọgbà, láàárín àwọn igi eléso pupa tí ẹnu ẹran kankan ò tíì kàn rí, àgbọ̀nrín náà dúró. Ó tóbi, àwọ̀ rẹ̀ bí èèpo igi tó tutù, ikùn rẹ̀ ṣe rìbìtì. Ó ń já ẹ̀ka, ó ń jẹ. Ó wò wá bí onílé ti ń wo àlejò tí kò pè, ó tún já ẹ̀ka mìíràn.

"Jẹ́ kí n kúkú bú u," ni mo wí.

"Bú u kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́," ni Hjördis wí. "Bó bá bínú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti tó fún àwa méjèèjì."

Òjò dídì ti bo ilẹ̀kùn ọgbà dé ìdajì. A gbẹ́ ẹ. Èmi tí mo ti ń sọ fún dókítà pé ẹ̀yìn ń dùn mí, mo gbẹ́ òjò dídì bí ọmọ ogún ọdún. Ìborí mi bọ́, mo so ó mọ́ ìbàdí. Nígbà tí ilẹ̀kùn là tán, Hjördis ní kí n dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí n dì í mú. Òun fúnra rẹ̀ yí gba ìta lọ sí òdìkejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi lu garawa díẹ̀díẹ̀, ó ń bá ẹran náà sọ̀rọ̀.

"Ìyá ọlọ́yún, ó tó gẹ́ẹ́. O ti jẹun. Má jẹ́ kí n pè ọ́ lólè. Ó tó, ìyá, lọ bímọ síbòmíràn."

Ẹran náà gbé etí sókè. Ó rìn sọ́tùn-ún, ó rìn sósì. Ó wá kọjú sí ilẹ̀kùn, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ mi. Mo di ojú mi, mo ké pe Jésù. Nígbà tí mo la ojú, ìdí rẹ̀ ni mo rí, ó ń lọ láàárín àwọn igi firi láìkánjú.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ wà káàkiri, òkìtì òkìtì, gbígbẹ, rìbìtì, ó rí bí èkùrọ́. Hjördis kúnlẹ̀ sídìí òkìtì àkọ́kọ́, ó ń fi ọwọ́ ṣà á sínú garawa, ó sì ń fi ṣọ́bìrì ha òjò dídì abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí ẹran náà tọ̀ sí ti dì ní àwọ̀ ìyeyè; a gé e bí ẹni gé àkàrà òyìnbó, a gbé e jáde. A kó, a dà á sí ọ̀nà jíjìn, a padà. Bí a bá ti kó ọ̀kan, Hjördis á tún rí òmíràn. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo ọ̀run, ó ń wo ilẹ̀.

"Sáré, Alfhild."

"Mo ń sáré. Agbára mi ni kò sáré."

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́rùn. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Evert láàárín igbó, mo sì gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ìwàásù ti parí. Wọ́n fa ọkọ̀ pákó tí a fi ń kó igi ìdáná lórí òjò dídì wá, wọ́n gbé ṣọ́bìrì, wọ́n gbé garawa. Obìnrin kan gbé ọpọ́n ìfọṣọ.

"Arábìnrin Alfhild," ni Evert kígbe, "kọfí dà?"

"Kọfí wà nílé àdúrà. Ìgbẹ́ ló wà níbí. Mu èyí tó bá wù ọ́."

"Èyí tí mo rí náà ni mo máa mu." Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Gbogbo ayé ń kó ìgbẹ́ lọ sínú ọgbà, àwa là ń kó o jáde."

Kì í ṣe gbogbo ìjọ ló wá. Àwọn kan lọ sílé, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀rí ọkàn kò jọra. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá ṣiṣẹ́, Hjördis sì ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì, ó ń tọ́ka, "Ibí yìí. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbé òjò dídì abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, jọ̀ọ́, má fi ẹsẹ̀ tì í." Òjò ń le sí i.

A gbàgbé ilẹ̀kùn. Evert ló kọ́kọ́ rí i. "Ó ti padà dé!"

Òótọ́ ni. Àgbọ̀nrín náà dúró létí igbó, imú rẹ̀ gbé sókè, ó ń gbóòórùn àwọn igi eléso pupa. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ẹnì kan jáde lẹ́yìn igi, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá, ó sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn láàárín ẹran àti àwa. Sanfrid ni. Fìlà dúdú rẹ̀ wà lórí, ìwé orin rẹ̀ wà lábíyá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò níbẹ̀!" ni Hjördis ké.

Sanfrid na apá rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ìwé orin bọ́ sílẹ̀. Ó ga, apá rẹ̀ sì gùn. Láti ẹ̀yìn ó dà bí igi tí wọ́n fi ń sá aṣọ.

"Ẹ wàásù fún un, Arákùnrin Sanfrid!" ni Evert wí.

"Padà," ni Sanfrid wí fún ẹran náà, ní ohùn kan náà tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀. "Padà. Wọn ò pè ọ́."

Ẹran náà wò ó pẹ́. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde nímú, ó yí padà, ó lọ. Sanfrid ò sọ apá rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ wá bá wa kó o," ni Evert wí.

"Mi ò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa," ni Sanfrid dáhùn láìyíjú. "Mo dúró ni. Dídúró kì í ṣe iṣẹ́."

Ó sì dúró. Òjò ń rọ̀ lé e lórí, omi ń ti etí fìlà rẹ̀ kán sí i lẹ́yìn. Kò kúrò níbẹ̀ títí a fi gbé garawa tó kẹ́yìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Lábẹ́ igi eléso pupa tó tóbi jù, níbi tí òjò dídì ò ti nípọn, ìtọ̀ ẹran náà ti yọ́ ojú rẹ̀ kọjá, ó ti kan ilẹ̀. Hjördis kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ha á, erùpẹ̀ dúdú ló bá a lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó tú ìborí rẹ̀, èyí aláwọ̀ sánmà tí Birger rà fún un, ó so ó mọ́ ìdí igi náà.

Nígbà tó jáde, ó lọ bá Sanfrid.

"Ẹ̀gbọ́n, mo dìde jáde nígbà tí ẹ ń wàásù. Mo tún fi ọjọ́ Olúwa ṣe iṣẹ́. Ṣé mo lè gbà á gbọ́ pé a dárí jì mí?"

Ní àárín wa, ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, a kì í jẹ́ kí ó dúró. Sanfrid gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn. "Gbà á gbọ́. A dárí jì ọ́ ní orúkọ Jésù, àti nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀." Ó yẹ kí ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò. "Èmi náà ńkọ́?" ló wí.

"Nítorí kí ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ọdún wo ni Birger ò pè mí wá síbí? Kí n kàn ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ lásán. N kò wá rí."

Hjördis gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó, ìgbẹ́ àti erùpẹ̀ ló kún un. Ó gbé e lé ọrùn ẹ̀wù dúdú náà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà padà fún un. Gbogbo wa dúró nínú òjò. Evert ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, Hjördis ní kí n jókòó ti òun kí òun tó pe Tuva. Tuva ni ọ̀dọ́bìnrin láti yunifásítì tí yóò wá gbẹ́ ilẹ̀ náà. Gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Kì í ṣe onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n Birger fẹ́ràn rẹ̀, Tuva sì sunkún níbi ìsìnkú Birger. Hjördis sọ ohun gbogbo fún un: agogo, ṣọ́bìrì, ẹran, ìwàásù. Mo fi etí sún mọ́ fóònù kí n lè gbọ́ ohùn Tuva.

"Ṣé ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde, Màmá Hjördis?"

"Àfi ibì kan. Ìtọ̀ ni."

"Ẹ mọ ibẹ̀?"

"Ìborí mi wà níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tó jù mí lọ sọ̀rọ̀," ni Tuva wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Kò pè padà fún ìgbà pípẹ́. Hjördis fọ ògiri ilé rẹ̀. Ó fọ ti ilé àdúrà. Ó wá sílé mi, ó fọ àwọn ìkòkò kọfí tí kò dọ̀tí. Bí fóònù bá dún, yóò dìde kí ó tó mọ̀ pé òun dìde; bí kò bá dún, yóò lọ wò ó bóyá ó ti bàjẹ́. Mo sọ fún un pé Olúwa mọ ohun gbogbo. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Tuva ni mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀."

Ìgbà tí odò ti tú yìnyín rẹ̀ ni Tuva pè. Ó ní àwọn yóò gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ó ní ìwọ̀nba ẹ̀ka tí ẹran náà já kò tó láti yí ọ̀pọ̀ ọdún padà, àti pé òun yóò kọ ọ́ sínú iṣẹ́ òun gẹ́gẹ́ bó ti ṣẹlẹ̀, láìfi ohun kan pa mọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tú ìborí náà.

Wọ́n dé ní oṣù kẹfà, nígbà tí oòrùn kì í wọ̀ mọ́ lálẹ́ lọ́dọ̀ wa. Tuva kúnlẹ̀ nínú ọgbà, ó ń ti ọ̀pá irin oníhò bọ ilẹ̀, ó ń fa erùpẹ̀ jáde, ó ń dì í sínú ọ̀rá. Kò gbẹ́ igun ìborí mọ́ àwọn yòókù. Ìgbẹ̀yìn ló dé ibẹ̀, a sì rí i kí ó tó sọ ọ́: níbi tí ẹran náà tọ̀ sí, koríko ti yọ, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ga ju gbogbo ohun tó yí i ká lọ, bí irun ìpéǹpéjú.

"Ẹ wò ó, náítírójìn, oúnjẹ ilẹ̀ inú ìtọ̀," ni Tuva wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tọ̀ síbẹ̀."

"Ó san díẹ̀," ni Hjördis wí.

"Ó san díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo iye tó ti gbà níta." Ó fi ọ̀rá igun náà sí ọ̀tọ̀.

Sanfrid ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn láti àárọ̀. Hjördis pè é. Ó wọlé, ó bọ́ fìlà rẹ̀ bí ẹni tó wọ ilé àdúrà. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìṣòro, orúnkún rẹ̀ sì dún. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ilẹ̀ inú ọgbà. Ó jáde lọ sáàárín àwọn òpó pupa, lábẹ́ igi firi, ó ti ọwọ́ òsì bọ ibẹ̀. Ó padà wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínà síwájú, ó gbóòórùn ti ọ̀tún, ó gbóòórùn ti òsì, ó tún padà sí ti ọ̀tún.

"Ó dáa," ló wí.

Tuva di ọ̀rá tó kẹ́yìn lẹ́nu. Hjördis wò ó títí ó fi so okùn rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó tú ìborí rẹ̀ kúrò lára igi; òjò ti ṣá a. Ó wé e mọ́ orí, ó sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lórí erùpẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo gbé kọfí wá fún un nínú ife, wàràkàṣì wà nínú rẹ̀. Ó mu ún tán, ó ní kí n bu sí i.